Báàgì kílò 18 fún oṣù márùn-ún ní Éṣíà? Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 28 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ́jú owó, mo sì fẹ́ gbéra ní ìparí oṣù kẹsàn-án láti rin Éṣíà fún oṣù márùn-ún. Bangkok ni màá ti bẹ̀rẹ̀, màá gba Láòsì dé Vietnam, màá lọ gun òkè Annapurna ní Nẹ̀pálì, màá sì parí rẹ̀ sí gúúsù Íńdíà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà ní Peckham fi báàgì àgbékẹ́yìn lítà 75 ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àgọ́, àpò ìsùn àti sítóòfù kékeré. Mo kó gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ lórí YouTube sínú rẹ̀, ó wọn kílò 18, mi ò sì tíì fi bàtà sí i. Kí ni kí n yọ kúrò, kí sì ni mi ò gbọdọ̀ gbàgbé? Ẹ má bínú pé ìbéèrè mi gùn. Owó ọwọ́ mi kò tó ohun tí mo lè máa fi ra ìràkurà."

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ kò gùn rárá, báàgì rẹ ló wúwo. Mo ka àkọsílẹ̀ ẹrù tí o fi tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an. O rò pé ohun tí o kò bá gbé láti ilé, o kò ní fojú kàn án mọ́ títí o fi máa padà. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ ìfọṣọ, jíìnsì mẹ́ta, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ̀rọ ìgbẹrun àti páwà báǹkì ńlá méjì fi wà níbẹ̀. Inú igbó kọ́ lò ń lọ. Ní Bangkok, bóyá ni wàá rin ìṣẹ́jú márùn-ún tí o kò ní rí ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven tó ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń ta ọṣẹ, páàdì, báńdéèjì àti omi tútù. Ọjà wà ní Luang Prabang ní Láòsì, ó wà ní Hanoi ní Vietnam, ó wà ní Kochi ní gúúsù Íńdíà, bí Dùgbẹ̀ ṣe wà ní Ìbàdàn. Lójú ọ̀nà òkè Annapurna gan-an, ilé àlejò ló tò lọ láti abúlé dé abúlé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì àti búláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń se dal bhat, ìyẹn ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n á tún bù kún un fún ọ bí o kò bá tíì yó. Ta lo fẹ́ pa àgọ́ fún? Àgọ́ àti sítóòfù kò bá ọ lọ. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ, kí o sì fi pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn.

Má rò pé mò ń fi ọ́ ṣẹ̀sín o. Báàgì lítà 70, kílò 19, ni èmi náà gbé nígbà àkọ́kọ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń rọra ṣàn lọ lórí odò Mekong láti Huay Xai sí Luang Prabang. Ọjọ́ méjì ló ń gbà, gbogbo èrò ọkọ̀ sì máa ń sùn mọ́jú ní Pakbeng, ìlú kékeré kan létí odò. Etí odò náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò sì ti rọ̀ sí i. Ìgbésẹ̀ kẹta tí mo gbé ni báàgì fà mí sẹ́yìn, mo bá fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún méjìlá lọ ló bá mi wọ́ báàgì náà gòkè. Ó gba owó rẹ̀, ó sì tún fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé Luang Prabang, mo da gbogbo ẹrù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pín in sí ọ̀nà méjì: èyí tí mo ti lò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Èyí tí mi ò fọwọ́ kàn ló pọ̀ jù. Ìyá tó ni ilé àlejò ni mo kó o fún. Láti ìgbà náà wá, ẹrù mi kò kọjá kílò 9 rí, bí mo bá yọ omi kúrò. Ohun tí mo máa ń bi ara mi léèrè báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá gbàgbé nǹkan yìí sílé, ṣé màá rí i rà lọ́la, ní iye tí apá mi ká, kó sì bá ara mi mu? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè dúró sílé. Ohun tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá kò pọ̀, òun gan-an sì ni àwọn elétò YouTube kì í sọ fún ọmọ Nàìjíríà, torí kì í ṣe àwa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Kí a tó dé orí aṣọ, ètò ìrìn rẹ ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ yí. Bí o ṣe tò ó yẹn, nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní ni wàá dé Annapurna, nígbà tí òtútù ibẹ̀ ti le gan-an, tí yìnyín sì lè dí ọ̀nà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wàá ti gbé aṣọ òtútù káàkiri inú ooru Bangkok àti Láòsì fún oṣù mẹ́ta gbáko láìwọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bẹ̀rẹ̀ láti Kathmandu ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ibẹ̀ ti dá, tí ojú ọ̀run sì mọ́. Ní Thamel, àdúgbò àwọn arìnrìn-àjò ní Kathmandu, tàbí ní Pokhara tó sún mọ́ òkè náà, wàá rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń háyà jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́, àpò ìsùn àti ọ̀pá ìgunkè. Ìwọ̀n ọjọ́ tí o bá lò ó lo máa san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà ibẹ̀ jẹ́ ayédèrú orúkọ ńláńlá, àmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ayédèrú náà ń móoru. Ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò ni síìpù: mo máa ń ṣí i, mo máa ń pa á dé, ó ó tó ìgbà mẹ́wàá, kí n tó sanwó. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, o dá gbogbo rẹ̀ padà, o sì bá ọ̀nà rẹ lọ ní fífúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí o wá lọ sí gúúsù Íńdíà, kí o wọ Bangkok ní nǹkan bí oṣù kejìlá nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí o gba Láòsì lọ parí rẹ̀ sí Hanoi. Hanoi ní oṣù kejì kì í ṣe ìlú ooru o. Òjò wínníwínní àti òtútù tó ń wọ egungun ló wà níbẹ̀, nítorí náà súwẹ́tà kan àti ẹ̀wù òjò kan tí o lò lórí òkè ni wàá tún lò níbẹ̀. Ohun kan ló lè da ètò yìí rú: físà. Wọn kì í fún ọmọ Nàìjíríà ní físà Nẹ̀pálì ní pápákọ̀ òfurufú bí wọ́n ṣe ń fún ọ̀pọ̀ àlejò mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó gbéra. Bó bá pẹ́ jáde tí o fi ní láti dé ibẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní, má lọ sí ibùdó ìsàlẹ̀ Annapurna tó ga ní mítà 4,130. Poon Hill, tó jẹ́ mítà 3,210, á tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá sì rí àwọn òkè ńlá náà láti ibẹ̀.

Ó wá kan báàgì fúnra rẹ̀. Lítà 75 kò burú fún ẹni tó ń gbé àgọ́, àmọ́ fún ọ, ààyè tó bá ṣófo nínú báàgì, ọwọ́ rẹ ni yóò wá ohun tí yóò fi dí i. Lítà 40 sí 45 tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ju lítà lọ ni bẹ́líìtì tí a ń dè mọ́ ìbàdí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èjìká ló ń ru báàgì, wọ́n á jẹ́ kí bẹ́líìtì náà máa fì dirodiro lásán. Ìbàdí ni egungun tó lágbára wà. Òun ló yẹ kó ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, èjìká kàn ń di báàgì mú kó má ṣubú sẹ́yìn ni. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, gígùn báàgì gbọ́dọ̀ bá gígùn ẹ̀yìn rẹ mu. Tẹ orí rẹ ba, fọwọ́ kan egungun tó yọ síta ní ìsàlẹ̀ ọrùn, kí ẹnì kan fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ dé ibi tó ṣe déédéé pẹ̀lú orí egungun ìbàdí rẹ. Òun ni ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ, kì í ṣe gíga rẹ. Èèyàn lè ga kí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Bí báàgì Peckham yẹn bá jẹ́ ti ọkùnrin gíga, bẹ́líìtì rẹ̀ á bọ́ sórí ìdí rẹ, okùn èjìká á sì máa gé ọ́ lọ́rùn. Da kílò 8 ìrẹsì sínú rẹ̀, gbé e rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wàá mọ̀. Bó bá di dandan kí o ra òmíràn, má lọ sí ṣọ́ọ̀bù olówó gọbọi. Inú òkìríkà ní Katangowa, l'Ékòó, ni mo ti ra èyí tí mò ń lò títí di òní. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí n kọ́kọ́ ki orí bọ inú báàgì kí n gbóòórùn rẹ̀, torí èyí tó bá ti bu kì í dára mọ́. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ pa inú rẹ̀: bó bá ń ṣí bí èépá, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n fi kùn ún kí omi má baà wọ̀ ọ́ ti kú nìyẹn. Báàgì tí síìpù rẹ̀ ṣí yí ká bí àpótí dára ju èyí tó ṣí ní òkè nìkan, tí èèyàn á máa walẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá iṣu. Ìbòrí òjò tí wọ́n máa ń fi kún báàgì kò tó, nítorí omi á gba ẹ̀yìn rẹ ṣàn wọ inú. Ọ̀rá dúdú tó nípọn ni kí o tẹ́ sínú báàgì, kí o tó kó ẹrù sí i. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú ní Éṣíà kì í gba ju kílò 7 lọ lọ́wọ́ èrò, nítorí náà mi ò ní tàn ọ́ pé kílò 9 kò ní ná ọ lówó. Á ná ọ, àmọ́ owó náà kò tó èyí tí kílò 18 máa gbà.

Bàtà ni ibi tí mo fẹ́ kí owó rẹ lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ju ìwọ̀n 41 lọ, wàá wá bàtà obìnrin ní Hanoi títí, ó sì lè ṣòro. Bákan náà ni kọ́ṣẹ́ẹ̀tì tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tóbi, nítorí náà gbé èyí tó tó láti ilé. Lójú ọ̀nà Annapurna, àtẹ̀gùn òkúta ló pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Àwọn kan á ní dandan ni bàtà aláwọ tó ga bo ọrùn ẹsẹ̀. Lójú tèmi, bàtà fífúyẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, tí o ti wọ̀ rìn fún oṣù méjì nílé, sàn jù: ó ń tètè gbẹ, wàá sì lè wọ̀ ọ́ nínú ìlú. Àmọ́ bí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ bá ti yẹ̀ rí, àwọn yẹn ni kí o gbọ́ tiwọn. Fi sáńdà alókùn kan kún un, torí ní tẹ́ḿpìlì àti ní ọ̀pọ̀ ilé, bíbọ́ ni wàá máa bọ́ bàtà.

Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ni èèyàn ń gbé, ì báà máa lọ fún oṣù kan tàbí ọdún kan. Ní Tàílándì, Láòsì àti Vietnam, wọ́n ń fọ aṣọ ní kílò-kílò. Gbé ẹ̀wù mẹ́ta, ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, súwẹ́tà kan àti ẹ̀wù òjò kan. Jíìnsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dúró sílé, nítorí bí wọ́n bá ti tutù, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń gbẹ. Lórí òkè, má fi òwú sún mọ́ ara: òógùn ń dúró sínú rẹ̀, bí o bá sì ti dúró sinmi, ó di òtútù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò rí nínú àkọsílẹ̀ rẹ, tó yà mí lẹ́nu: ìró. Ìró àǹkárá kan ṣoṣo, yáàdì méjì. Mo ti fi í nura, mo ti fi í bora nínú ọkọ̀ ojú irin alẹ́ láti Bangkok lọ sí Chiang Mai tí ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ pa mí, mo ti so ó bí kọ́tìnì mọ́ bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo ti ró o wọ tẹ́ḿpìlì. Ní ààfin ńlá Bangkok, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ hàn wọlé. Àwọn àlejò mìíràn á máa sáré ra aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, èmi á kàn tú ìró lára báàgì. Táwẹ̀lì olówó iyebíye tí wọ́n polówó fún ọ yẹn, fi sílẹ̀.

Wàyí o, ohun tí o kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àkọ́kọ́ ni káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé o ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti Nàìjíríà lo ti ń lọ, Íńdíà kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú ṣeré rárá. Ẹni tó bá ti ibi tí ibà náà wà wá láìní káàdì, wọ́n lè sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Tàílándì náà ń béèrè rẹ̀. Gba abẹ́rẹ́ náà ní tòótọ́, má ra káàdì lẹ́nu géètì, kí o sì gbà á ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí o tó gbéra, torí ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni agbára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2016, káàdì kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ. Tẹ tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì àti ìwé báǹkì jáde sórí bébà, torí páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé yìí, àwọn aṣọ́bodè máa ń bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Wọ́n dá mi dúró ní pápákọ̀ kan fún wákàtí méjì nígbà kan, fóònù mi sì ti kú. Bébà ló gbà mí. Káàdì náírà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbójú lé nìkan. Mú owó dọ́là tó mọ́ tónítóní dání, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣẹ́ owó níbẹ̀ kì í gba èyí tó ya tàbí tó gbó. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù mẹ́jọ kò wúwo, gbé e. Oògùn tí dókítà kọ fún ọ, jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní kodéìnì lè sọ èèyàn sí àtìmọ́lé níbi tí kò rò, má jẹ́ kí wọ́n wà nínú ẹrù rẹ. Bí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá rẹ nínú ìjọ, bá ní kí o bá òun mú páálí kékeré kan dání, sọ pé rárá.

Irun ńkọ́? Èmi gé tèmi mọ́lẹ̀ kí n tó lọ, mi ò sì kábàámọ̀. Bí o bá fẹ́ dì í, di èyí tó máa pẹ́, kí o sì mú irun àfikún dání, torí ẹni tó mọ irun wa dì kò wọ́pọ̀ ní Pokhara. Ìpara pàápàá gba kí èèyàn la ojú sílẹ̀: púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Tàílándì àti Íńdíà ló ní ohun tó ń bóra. Ike òrí kékeré kan ló bá mi gbogbo ọ̀nà lọ, fún ara, fún ètè tí afẹ́fẹ́ òkè là, fún gìgísẹ̀.

Páwà báǹkì 30,000 mAh méjì yẹn, inú wàhálà ni wọ́n máa kó ọ sí. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ń gbà láìsí àṣẹ pàtàkì kò kọjá 100 Wh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú. Tìrẹ jẹ́ 111. Ẹyọ kan tó jẹ́ 20,000 mAh, ìyẹn 74 Wh, ti tó, ọwọ́ ni wàá sì fi gbé e wọ ọkọ̀, kì í wọ ẹrù ìsàlẹ̀. Ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò nílé kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè márààrún tí ò ń lọ mu dáadáa, nítorí náà ra adápútà kan. Iná wọn kò yàtọ̀ sí tiwa ní agbára, ẹ̀rọ mìíràn kò pọn dandan. Lórí òkè, òtútù ń pa bátìrì, gbé fóònù sùn nínú àpò ìsùn.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, fi í sílẹ̀, ilé àlejò tó bá nílò rẹ̀ máa ń ní in. Ìpara tó ní DEET, èròjà tó ń lé ẹ̀fọn, lo nílò, torí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dẹ́ńgì kì í dúró de alẹ́, ọ̀sán gangan ló ń jẹni. Àwa ọmọ Nàìjíríà, bí ara bá ti gbóná, ibà náà ni, a ti gbé oògùn ibà mì. Dẹ́ńgì kò gbọ́ oògùn ibà. Lọ ṣe àyẹ̀wò, kí o má sì lo aspirin tàbí ibuprofen títí èsì yóò fi jáde, torí wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ máa dà. Parasitámọ́ọ̀lù ni kí o lò. Mú oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi dání, àti ORS díẹ̀, ìyẹn oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mómi mu bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé.

Ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyẹn. Mi ò gun Annapurna nígbà òtútù rí, mi ò sì kí í ṣe dókítà. Ọ̀rọ̀ oògùn àìsàn òkè gíga, dókítà ni kí o bi. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mi ò lè dá lẹ́jọ́ fún ọ: bí o bá ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun lójú ọ̀nà, gbé e, kí o sì yọ nǹkan mìíràn. Bó bá jẹ́ torí fíìmù ni, fóònù ti tó.

Ṣe èyí fún mi kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Di ẹrù náà tán pátápátá, omi lítà méjì pẹ̀lú rẹ̀, kí o gbé e gun Òkè Àrẹ̀ dé ìdí Láyípo ní aago mọ́kànlá àárọ̀, kí o sì tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ohun tí o bá ń ṣépè fún bí o ṣe ń gòkè, yọ ọ́ nígbà tí o bá délé. Lẹ́yìn náà, kọ iye kílò tó ṣẹ́ kù sí mi.